Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn alábòójútó ilé ìtàn ìgbèríko Amẹ́ríkà: Ẹ má da ìwé mínìtì àwọn obìnrin wọ̀nyí nù

Ẹ̀yin alága ẹgbẹ́ ìtàn ìbílẹ̀, ẹ̀yin alábòójútó ilé ìkàwé àti ilé àkójọ ìwé ní àwọn káúńtì ìgbèríko Amẹ́ríkà,

A kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. A mọ̀ pé owó yín kò tó nǹkan, àyè yín há, ọ̀pọ̀ nínú yín kò sì gba kọ́bọ̀ lórí iṣẹ́ yìí. Ẹ jẹ́ ká fi ìyókù ìkíni sílẹ̀ ká gba inú ọ̀rọ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ àpótí kan ni. Nígbà tí ẹ̀ka abúlé ti Woman's Christian Temperance Union, WCTU, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Kristẹni tó ń gbógun ti ọtí, bá tú ká, tàbí tí ìyá àgbà tó ṣe akọ̀wé wọn kẹ́yìn bá dolóògbé, ọ̀dọ̀ yín ni àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń gbé àpótí náà wá. Ìwé mínìtì ló wà nínú rẹ̀, ìwé akápò, orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, ríbọ́ọ̀nù funfun tó jẹ́ àmì ẹgbẹ́, àsíá nígbà mìíràn. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń ṣe sí i kò pamọ́. Ẹ óò mú ríbọ́ọ̀nù àti àsíá, ẹ óò fi wọ́n sínú gíláàsì, ẹ óò kọ gbólóhùn méjì sábẹ́ wọn nípa àwọn ìyá tí kò fẹ́ kí ọkùnrin gbádùn ayé. Ìwé á wá di ti yàrá abẹ́ ilé. Lọ́jọ́ tí àyè bá sì tán, òun lẹ kọ́kọ́ ń yọ dànù, pé ẹ̀dà rẹ̀ á kúkú wà ní Evanston.

Ó ṣọ̀wọ́n kó wà ní Evanston. Ìwé ẹgbẹ́ àpapọ̀ ló wà níbẹ̀, ní Illinois, níbi tí ilé Frances Willard, ààrẹ ẹgbẹ́ náà láyé ọjọ́un, àti àkójọ ìwé ẹgbẹ́ náà wà. Ìròyìn ṣókí ni ẹ̀ka abúlé máa ń fi ránṣẹ́ sókè, láti abúlé sí káúńtì, láti káúńtì sí ìpínlẹ̀. Ìwé mínìtì fúnra rẹ̀ kì í kúrò lọ́wọ́ akọ̀wé. Ẹyọ kan ṣoṣo ni. Bí ẹ bá sọ ọ́ nù, ó ti nù nìyẹn.

Àwọn ìdí tí a fi ń bá yín wí, àti ohun tí a fẹ́, nìwọ̀nyí.

1. Bí ẹ ṣe kọ “ọtí” sára àpótí náà, ibẹ̀ ni àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé bí àwọn obìnrin abúlé ṣe kọ́ láti darí ẹgbẹ́ ni.

Ní 24 oṣù Kejìlá 1873, ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì, ní Hillsboro, ìlú kékeré kan ní Ohio, àwọn obìnrin tó lé ní 70 tò jáde nínú ìjọ Presbyterian ní méjì-méjì. Eliza Thompson, ọmọ gómìnà àná, ló ṣáájú wọn, lẹ́yìn tó ti ka Sáàmù 146 sí wọn létí. Dókítà Dio Lewis, tó ń ti ìlú dé ìlú sọ àsọyé, ló dá iná náà. Ó ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ní Fredonia, ní New York, ní oṣù yẹn kan náà. Gbogbo ayé ló mọ àdúrà àti orin tí wọ́n kọ lórí yìnyín níwájú ilé ọtí. Ohun tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ni pé ìwé ẹ̀jẹ́ tí wọ́n gbé dání kì í ṣe oríṣi kan. Ọ̀kan wà fún oníṣọ́ọ̀bù oògùn, pé kò ní í ta ọtí láìsí ìwé dókítà. Ọ̀kan wà fún dókítà, pé kò ní í máa kọ ọtí fún aláìsàn bó ṣe wù ú. Ọ̀kan wà fún onílé, pé kò ní í fi ilé háyà fún ọlọ́tí. Ìgbà yẹn ló wá kan ọlọ́tí fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ ronú sí i: bí wọ́n bá ti ilé ọtí pa tí wọn kò sì dí ọ̀nà ilé oògùn, ìgò kan náà á kàn gba ẹnu ọ̀nà mìíràn jáde ni. Ní Hillsboro yìí, oníṣọ́ọ̀bù oògùn kan kọ̀ jálẹ̀, ó sì gbé àwọn obìnrin náà lọ sí kóòtù.

Kí ọdún 1874 tó parí, ọ̀pọ̀ ilé ọtí tí wọ́n tì ti ṣílẹ̀kùn padà. Ìyẹn ló kọ́ wọn pé orin àti omijé kò tó. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, wọ́n pàdé ní Cleveland, wọ́n dá WCTU sílẹ̀, wọ́n sì fi Annie Wittenmyer ṣe ààrẹ. Willard gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1879, ó sì wà níbẹ̀ títí ó fi kú ní 1898.

Ẹ wo bí ẹ̀ka abúlé ṣe tò. Alága kan, àwọn igbákejì alága, ní ọ̀pọ̀ ibi ẹnì kọ̀ọ̀kan láti ìjọ kọ̀ọ̀kan, kí Methodist má baà sọ pé ti Presbyterian ni ẹgbẹ́, akọ̀wé mínìtì, akọ̀wé lẹ́tà, akápò. Ọkùnrin lè san owó kó wọlé bí ọmọ ẹgbẹ́ ọlọ́lá, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dìbò. Ẹ rántí pé ní àkókò yẹn, ní ọ̀pọ̀ ibi, àwọn ọkọ wọn nìkan ló ń dìbò níta. Lẹ́yìn náà ni àwọn alábòójútó ẹ̀ka iṣẹ́, tí iye ẹ̀ka náà lé ní 30 lábẹ́ Willard: ẹ̀kọ́ ní ilé ìwé, ọgbà ẹ̀wọ̀n, àwọn agégi inú igbó, òṣìṣẹ́ rélùwéè, ìwé ìròyìn, òdòdó fún aláìsàn, ìpàdé àwọn ìyá, ẹ̀tọ́ ìbò. Ẹ̀ka kan wà fún ọtí Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa nìkan, kí ìjọ lè fi omi èso àjàrà tí kò kan rọ́pò wáìnì. Thomas Welch ti fi ọ̀nà rẹ̀ hàn ní 1869 ní Vineland, New Jersey: ẹ fún omi èso, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ rọ ọ́ sígò, ẹ dí i, ẹ wá fi ìgò náà sínú omi híhó kí ìwúkàrà inú rẹ̀ kú. Bí ìwúkàrà bá ṣẹ́kù, omi èso á di ọtí nínú àpótí pẹpẹ.

Ẹ ṣí ojú ìwé mínìtì kan. Ọjọ́, àti ilé ẹni tí wọ́n ti pàdé. Ẹni tó ka Bíbélì. Iye ẹni tó wá. Àbá, ẹni tó gbé e kalẹ̀, ẹni tó ti í lẹ́yìn. Owó tó wọlé, sẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan, àti ibi tó gbà lọ: èyí fún iyàrá tí wọ́n háyà, èyí fún bébà, èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí káúńtì. Obìnrin tí kò ní ìwé báńkì lórúkọ ara rẹ̀ ló ń ṣírò rẹ̀ yẹn, tí àwọn méjì mìíràn sì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ibo nínú gíláàsì yín ni ìyẹn wà?

2. Fún ogún ọdún gbáko, ó lè jẹ́ pé ìwé yìí ni ẹ̀rí pàtàkì tó kù nípa àwọn obìnrin abúlé yín.

Ìkànìyàn Amẹ́ríkà ti 1880 wà. Ti 1900 wà. Ti 1890 ńkọ́? Ní oṣù Kìíní 1921, iná jó ní ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó okòwò ní Washington, nínú yàrá abẹ́ ilé tí wọ́n kó o sí. Iná jẹ apá kan, omi àwọn panápaná ba púpọ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n iná kọ́ ló parí rẹ̀. Wọ́n fi èyí tó rin sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún láìtún un ṣe, títí ẹnì kan fi kọ ọ́ mọ́ àwọn ìwé tí kò wúlò mọ́. Ní 21 oṣù Kejì 1933, ilé aṣòfin fọwọ́ sí i pé kí wọ́n dà á nù. Ọjọ́ kejì ni ìyẹn jẹ́ sí ọjọ́ tí Ààrẹ Hoover fi òkúta ìpìlẹ̀ National Archives, ilé àkójọ ìwé ìjọba àpapọ̀, lélẹ̀! Nínú orúkọ ènìyàn bíi mílíọ̀nù 63, èyí tó kù kò tó 7,000.

Ọmọge tó wá lọ́kọ ní káúńtì yín ní 1884, tó sì kó kúrò níbẹ̀ ní 1897, kò sí nínú ìkànìyàn yín rárá. Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ìbò. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ ti ọkọ, kò sí nínú ìwé ilẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé akápò ní ọdọọdún, àti ọjọ́ tó san owó.

A gbà pé ìṣòro kan wà níbẹ̀. Orúkọ ọkọ ni wọ́n sábà fi ń kọ obìnrin: “Mrs.” ló ṣáájú, orúkọ ọkọ àti àpèlé rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ọ̀nà àbáyọ wà. Ẹ mú orúkọ ọkọ lọ sínú ìkànìyàn 1900, nítorí ọdún yẹn ni wọ́n bèèrè iye ọdún tí obìnrin ti lò nílé ọkọ, iye ọmọ tó bí àti iye tó wà láàyè. Ẹ yọ iye ọdún yẹn kúrò nínú 1900, ẹ wá inú ìwé ìgbéyàwó káúńtì ní ọdún tó bọ́ sí, kí ẹ fi ọdún kan síwájú àti ọ̀kan sẹ́yìn. Orúkọ bàbá rẹ̀ á jáde níbẹ̀. Bí ọkùnrin méjì bá ń jẹ́ orúkọ kan náà ní abúlé kan, ìjọ tí igbákejì alága ti wá ló máa ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni fún ojú ìwé kan, kì í ṣe iṣẹ́ iwin.

3. Ìṣèlú ìlú yín wà nínú rẹ̀.

Argonia, ní Kansas, kò tó 500 ènìyàn ní 1887, ọdún tí ìpínlẹ̀ náà gbà kí obìnrin máa dìbò ìlú. Àwọn obìnrin WCTU ìlú náà jókòó, wọ́n yan àwọn tí wọ́n fẹ́ kó dupò. Àwọn ọkùnrin kan tó fẹ́ fi wọ́n ṣẹlẹ́yà ṣe ìwé ìbò tó jọ tiwọn, wọ́n sì kọ orúkọ Susanna Salter, ẹni ọdún 27, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà, sí ipò méyọ̀. Nígbà yẹn, kò pọn dandan kí ẹni tí wọ́n fẹ́ yàn mọ̀ ṣáájú ọjọ́ ìbò. Àárọ̀ 4 oṣù Kẹrin ni Salter gbọ́. Nígbà tí wọ́n bi í pé ṣé á ṣe é, ó ní òun á ṣe é. Àwọn obìnrin fi ẹni tí wọ́n ti kọ́kọ́ yàn sílẹ̀, wọ́n dìbò fún un, ó sì kó nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di méyọ̀ ní Amẹ́ríkà; dọ́là kan ni owó iṣẹ́ rẹ̀ fún ọdún náà. Ẹ̀sín tí wọ́n dá di oyè. Kò ṣeé ṣe kí irú ìyí ọkàn padà bẹ́ẹ̀ wáyé láàárín àárọ̀ sí ọ̀sán bí kò bá sí ẹgbẹ́ tó ti ń pàdé, tó mọ ilé ara wọn, tó sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń ka ìbò láàárín ara wọn.

Ilé ìwé náà ńkọ́? Mary Hunt ló darí ìpolongo pé kí òfin mú kí wọ́n máa kọ́ ọmọ nípa ọtí àti ara. Vermont gbà á ní 1882. Nígbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, gbogbo ìpínlẹ̀ ti ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ka abúlé ló ṣe ẹsẹ̀ iṣẹ́ náà: lẹ́tà sí aṣòfin, àbẹ̀wò sí olùkọ́, kíkà ìwé tí ọmọ ń lò láti mọ̀ bóyá ojú ewé tó yẹ wà nínú rẹ̀. A kò ní ká fi wọ́n ṣe áńgẹ́lì o. Díẹ̀ nínú ohun tí ìwé wọ̀nyẹn kọ́ ọmọ nípa ọtí kọjá òótọ́, àwọn onímọ̀ tó wà nínú Committee of Fifty, ìgbìmọ̀ tó ṣèwádìí ọ̀rọ̀ ọtí, sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn ní gbangba. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ mọ bí àríyànjiyàn náà ṣe rí ní ilé ìwé oníyàrá kan, tí olùkọ́ kan ń kọ́ gbogbo kíláàsì, ìwé mínìtì ló máa sọ ọ́.

Àáké Carry Nation, obìnrin tó ń fi àáké fọ́ ilé ọtí, lẹ fẹ́ràn láti fi hàn. Òun náà jáde láti inú ẹ̀ka abúlé, ní Medicine Lodge, Kansas, kó tó di ẹni tó ń ju òkúta sí ilé ọtí ní Kiowa ní 1900. Òfin sì ti de ilé ọtí ní Kansas láti 1881, ọlọ́pàá ni kò ṣe tiwọn. Ṣé ẹ kò fẹ́ mọ iye lẹ́tà tí ẹgbẹ́ kan máa kọ kí ẹnì kan nínú wọn tó gbé òkúta?

4. Ti àwọn obìnrin dúdú tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Frances Ellen Watkins Harper, akéwì àti ajàfẹ́tọ̀ọ́, ló bójú tó iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú láti 1883 títí dé 1890. Ní Gúúsù, ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ ni wọ́n yà wọ́n sí. Ní North Carolina, wọ́n kọ̀ láti wà lábẹ́ àwọn aláwọ̀ funfun, wọ́n dá ti ìpínlẹ̀ tiwọn sílẹ̀ tí wọ́n pè ní WCTU No. 2, kí wọ́n lè máa jíṣẹ́ fún ẹgbẹ́ àpapọ̀ tààrà. Àwọn ẹ̀ka tí wọ́n sọ lórúkọ Lucy Thurman, aṣáájú obìnrin dúdú nínú ẹgbẹ́ náà, wà pẹ̀lú. Ìjà sì wà nínú ẹgbẹ́: ní 1894, Ida B. Wells, obìnrin dúdú tó jẹ́ akọ̀ròyìn, fẹ̀sùn kan Willard ní gbangba pé ọ̀rọ̀ tó sọ nípa àwọn ọkùnrin dúdú ń ti àwọn tó ń pa wọ́n láìsí ìdájọ́ lẹ́yìn. Ẹ máà bò ó.

Bí ẹ bá wá ìwé ẹ̀ka wọ̀nyí nínú àkójọ yín tí ẹ kò rí i, ẹ má kọ ọ́ pé kò sí. Ẹ lọ wo ìwé ìjọ AME (African Methodist Episcopal, ìjọ àwọn aláwọ̀ dúdú) àti Baptist ní káúńtì náà. Ẹ wo ẹ̀yìn ìwé ẹgbẹ́ àwọn ìyá, nítorí ìwé kan náà ni wọ́n máa ń yí padà láti kọ ti ẹgbẹ́ mìíràn láti ẹ̀yìn wá síwájú kí bébà má baà ṣòfò.

5. Ẹ wo ohun tí orílẹ̀-èdè mìíràn fi bébà irú èyí ṣe.

Ẹgbẹ́ kan náà dé New Zealand ní 1885 nígbà tí Mary Clement Leavitt ń yí ayé ká fún un. Ní 1893, Kate Sheppard, tó ṣáájú ìjà fún ẹ̀tọ́ ìbò níbẹ̀, àti àwọn obìnrin rẹ̀ gba orúkọ sórí ìwé ẹ̀bẹ̀ pé kí obìnrin máa dìbò, jákèjádò ilẹ̀ náà, ní ìlú àti ní oko. Wọ́n lẹ ojú ìwé 546 mọ́ ara wọn, wọ́n sì ká a mọ́ igi ìgbálẹ̀. Ó gùn ju mítà 270 lọ. Aṣòfin John Hall tú u sílẹ̀ láàárín ilé aṣòfin, ó yí gbirigbiri lọ kan ògiri. Ìwé ẹ̀bẹ̀ 13 ni wọ́n mú wá lọ́dún yẹn, orúkọ inú gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 32,000. Ní oṣù Kẹsàn-án, obìnrin gba ẹ̀tọ́ ìbò. Ẹyọ kan ló kù nínú 13 náà, èyí tó tóbi jù. Ó wà ní Wellington lónìí, ẹni tó bá fẹ́ lè wá ìyá ìyá rẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn 12 yòókù ti nù, bí ìwé yín náà ṣe lè nù. Victoria, ní Australia, náà pa ti 1891 mọ́: mítà 260, orúkọ bíi 30,000, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ aṣọ òwú kó má baà ya.

6. Ìtọ́jú tí ẹ ń ṣe ló ń bà á jẹ́. Ibí yìí la óò ti pẹ́ díẹ̀.

Láti bí 1870 lọ ni bébà tí wọ́n fi igi ṣe ti gbilẹ̀. Ásíìdì wà nínú rẹ̀; ooru àti ọ̀rinrin ló ń tì í lọ títí á fi máa rún bí ewé gbígbẹ. Ínkì tó ní irin nínú tún ń jẹ bébà láti abẹ́, lẹ́tà á wá di ihò. Nítorí náà, kì í ṣe òkè àjà, kì í ṣe yàrá abẹ́ ilé. Yàrá tí ènìyàn ń gbé ló dára jù: kó má ju 21 lórí ìwọ̀n Celsius lọ, kí ọ̀rinrin rẹ̀ wà láàárín 35 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún, kó má sì máa lọ sókè-sódò. Ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin kò wọ́n. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, kì í ṣe sẹ́nu ọ̀nà.

Píìnì tó ti dípẹtà, ẹ má fà á. Ẹ ti pẹlẹbẹ ike tín-ínrín sábẹ́ rẹ̀ lójú méjèèjì, kí ẹ rọra tẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó yọ. Rọ́bà, ẹ gé e kúrò lónìí, kó tó yọ́ mọ́ bébà. Sẹ́lótéèpù tí ẹnì kan ti lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó mọ iṣẹ́. Ẹ má sì lẹ òmíràn. Awọ ìwé tó ń rú ìyẹ̀fun pupa, ẹ má fi òróró pa á, ẹ fi bébà tí kò ní ásíìdì wé e. Gígé inú ìwé ìròyìn tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìwé, ẹ fi bébà tí kò ní ásíìdì sí àárín ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Pẹ́ńsùlù nìkan lẹ gbọdọ̀ fi kọ nǹkan nítòsí rẹ̀.

Bí omi bá wọ̀ ọ́, wákàtí 48 lẹ ní kó tó máa bu. Ẹ má gbìyànjú láti ṣí ojú ìwé. Ẹ fi bébà wé ìwé kọ̀ọ̀kan, ẹ tò wọ́n sínú àpótí ike kí ẹ̀yìn ìwé wà nísàlẹ̀, kí ẹ gbé wọn sínú fírísà. Ní fírísà, ó lè dúró dè yín títí ẹ óò fi rí owó.

Ríbọ́ọ̀nù tí ẹ fẹ́ràn náà ńkọ́? Gíláàsì yẹn ló ń pa á. Sílíìkì àkókò yẹn, wọ́n sábà máa ń rẹ ẹ́ sínú iyọ̀ irin kó lè wúwo kó sì tà dáadáa; ìmọ́lẹ̀ àti àkókò ló ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ níbi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po. Àsíá tí ẹ fi kọ́ ògiri ń fi ìwúwo ara rẹ̀ ya ara rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, tàbí kí ẹ ká a mọ́ ọ̀pá ńlá tí ẹ ti fi bébà tí kò ní ásíìdì wé, kí ojú tí wọ́n kùn wà níta. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, fọ́tò ni kí ẹ fi sí gíláàsì.

7. Ohun tí a ń béèrè.

Kí ẹ dá yíyọ ìwé wọ̀nyí dànù dúró láti ìpàdé yín tó ń bọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú mínìtì tiyín. Bí àyè kò bá sí lóòótọ́, ẹ kọ̀wé sí ilé àkójọ ìwé ìpínlẹ̀ yín àti yunifásítì tó súnmọ́ yín, kí ẹ fún wọn ní 90 ọjọ́ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun.

Kí ẹ yọ ọ́ kúrò lábẹ́ “oríṣiríṣi”. Orúkọ ẹ̀ka, abúlé, káúńtì, ọdún tó bẹ̀rẹ̀ àti ọdún tó parí, orúkọ àwọn alága àti akọ̀wé: ìlà márùn-ún ni, ó sì tó kí ẹni tó ń wá a lè rí i.

Kí ẹ ya àwòrán rẹ̀. 400 ppi (iye àmì àwòrán nínú ínṣì kan), àwọ̀ kíkún, fáìlì TIFF (irú fáìlì àwòrán tó dára fún ìpamọ́), láti èèpo dé èèpo, ojú ìwé òfìfo náà. Bébà tí wọ́n ki bọ àárín ìwé, ẹ ya á níbi tó wà kí ẹ tó gbé e kúrò, torí ojú ìwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló máa ń sọ ohun tó jẹ́. Ẹ̀dà mẹ́ta, orí oríṣi ẹ̀rọ méjì, kí ọ̀kan wà ní ilé mìíràn. A ti rí ibi tí ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú dúrọ́ọ̀ kan náà.

Kí ẹ sì tún gbólóhùn méjì yẹn kọ. Bí ẹ bá fẹ́ bẹnu àtẹ́ lu àwọn obìnrin náà, ẹ fi ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé wọn ṣe é.

Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ yín bá tún jókòó lórí àwọn ìwé tí ẹ fẹ́ yọ, ẹ gbé àpótí náà sórí tábìlì. Kí ẹnì kan ṣí ìwé mínìtì síbi tó bá bọ́ sí, kó ka ojú ìwé kan sókè láti òkè dé ìsàlẹ̀, orúkọ àti sẹ́ǹtì. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ dìbò.

Àwa tí a ń ka àwọn ìwé náà.